Apẹ̀rẹ̀, Abọ́ àti Ọ̀rá: Ohun Tí A Ń Gbé Lọ Sọ́jà àti Ohun Tí A Ń Gbàgbé Sílé

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ọjà ní Ìlá-Ọ̀ràngún lónìí, tí ó ń wo ọwọ́ àwọn tí ń wọlé, ohun kan yóò hàn sí i kíákíá: ọwọ́ òfìfo ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń wọlé. Nígbà tí wọ́n bá ń jáde, ọ̀rá márùn-ún tàbí mẹ́fà ni yóò máa rọ̀ dirodiro ní ìka wọn. Ata wà nínú ọ̀kan, ẹja wà nínú èkejì, gaàrí wà nínú ẹ̀kẹta. Ọ̀rá dúdú ńlá kan yóò sì tún gba gbogbo wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, púpọ̀ nínú ọ̀rá wọ̀nyí ti di pàǹtí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn. Kí ló dé tí ẹni tí kì í gbàgbé owó rẹ̀ sílé fi ń gbàgbé apẹ̀rẹ̀? Àwọn tí ń polongo ìmọ́tótó àyíká a máa di ẹ̀bi náà ru ọ̀lẹ tàbí àìmọ̀kan. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. Ohun tí ọjà bá ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ni ènìyàn ń gbàgbé láti gbé láti ilé. Nínú ìṣe àwọn baba ńlá wa, ohun ìkẹ́rù kì í ṣe ohun tí à ń rántí mọ́ ọjà lílọ. Ara ọjà lílọ gan-an ni. Èdè wa sì pa ẹ̀rí èyí mọ́ fún wa. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ Yorùbá, kì í ṣe olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan.

Ohun Ìkẹ́rù Kí Ọ̀rá Tó Dé

Ní Ìlá, Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti àwọn abúlé tó yí wọn ká, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí a bá fẹ́ rà ni ó ń sọ ohun tí a ó gbé dání. Ẹni tí ń lọ ra epo pupa gbé ìgò tàbí kèrègbè. Ẹni tí ń lọ ra èlùbọ́ gbé igbá. Ẹni tí ó fẹ́ ra iṣu àti ata gbé agbọ̀n tàbí apẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú òṣùká tí yóò fi rù ú bọ̀ wálé. Igi ọ̀pẹ kan náà tí ó sọ Ìlá di ìlú tí a mọ̀ mọ́ ẹmu ni ó ń pèsè imọ̀ tí a fi ń hun agbọ̀n. Ohun tí ó gbó nínú wọn, ìdí iná ni ó ń lọ, tàbí kí ó jẹrà sẹ́yìnkùlé.

Ohun tí kò bá ṣe é kó sínú agbọ̀n, ewé ni òǹtajà fi ń dì í. Ewé ìran àti ewé gbòdògì ni a fi ń pọ́n ẹ̀kọ. A ń fi ewé di irú, a fi ń di orí, a fi ń tọ́jú obì kí ó má bàa gbẹ. Bí kò bá sí pé ọṣẹ dúdú ń gbé inú ewé, òwe tí ó ní ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ yóò di ọṣẹ kò ní ní ìtumọ̀ kankan. A ti rí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó lè pa òwe yìí dáadáa, tí ó tún lè sọ ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò mọ ohun tí ó gbé ewé dé ara ọṣẹ. Inú ọ̀rá ni òun ti ń rí ọṣẹ dúdú láti kékeré.

Bí a ti ń rán ọmọ níṣẹ́ ni ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ wò jù. Ìyá a pe ọmọ, a fi owó sínú abọ́, a gbé e lé e lọ́wọ́, a ní, "Lọ bá mi ra irú wá." Abọ́ yìí ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń pa owó mọ́. Òun ni yóò gba irú. Òun náà ni ó sì ń rán ọmọ létí iṣẹ́ tí a rán an. Ọmọ tí eré gbà lọ́kàn lójú ọ̀nà, bí ó bá ti wo ọwọ́ ara rẹ̀, iṣẹ́ yóò padà sọ sí i lọ́kàn. Òǹtajà pàápàá, bí ó bá ti rí abọ́, ti mọ̀ pé wọ́n rán ọmọ yìí ni. Èyí kò jìnnà sí ìlànà àrokò, níbi tí ohun tí a gbé lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́ ti ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu ìránṣẹ́ lọ. Ìyá tí ó ń di owó mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ mọ ọgbọ́n yìí pẹ̀lú. Àwọn àgbà kò gbé gbogbo ẹrù ìrántí lé orí nìkan. Wọ́n ń fi sí ọwọ́, wọ́n ń fi sí aṣọ, wọ́n ń fi sínú abọ́.

Lónìí, owó nìkan ni à ń fún ọmọ. Òǹtajà ni yóò wá ọ̀rá. A ti gba abọ́ lọ́wọ́ ọmọ, a sì ń bá a wí pé ó ń gbàgbé.

Ohun Tí Èdè Pa Mọ́

Bí ohun ìkẹ́rù ti ṣe pàtàkì tó nínú ìgbé ayé Yorùbá hàn nínú òǹkà wa. Ọ̀kẹ́ jẹ́ àpò ńlá. Nítorí pé 20,000 owó ẹyọ ni wọ́n ń kó sínú ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ di orúkọ 20,000 nínú òǹkà. Ibẹ̀ ni a ti rí àádọ́ta ọ̀kẹ́ tí í ṣe mílíọ̀nù kan. Nígbà tí owó òyìnbó dé, àpò náà wọ inú ìṣirò, tí ó fi jẹ́ pé àwọn oníṣòwò ń pe ọgọ́rùn-ún pọ́ùn ní àpò kan. Lẹ́yìn tí náírà dé ní ọdún 1973, àpò kan di 200 náírà, àpò márùn-ún sì di 1,000. Àwọn ìyá ọlọ́jà tí ó ti dàgbà ṣì ń ka owó báyìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí àpò kan lè rà ní ọjà lónìí kò tó ohun tí à ń bu sínú àpò rárá. Bákan náà ni àsùnwọ̀n, tí í ṣe àpò owó, ṣe dé inú ìròyìn orí rédíò: àpò àsùnwọ̀n ìjọba. Yàtọ̀ sí wọ̀nyí, a ní làbà tí a mọ̀ mọ́ àwọn onísàngó, a sì ní apó tí ọdẹ ń kó ọfà sí.

Ìró ohùn náà kò gbẹ́yìn. Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò tíì fi agbọ̀n kọ́ni ní ohùn: agbọ̀n tí à ń gbé lọ sọ́jà, agbọ́n tí ń ta ni, àgbọn tí à ń jẹ, àti àgbọ̀n tí irùngbọ̀n ń hù sí. Apẹ̀rẹ̀ náà ní àwọn ojúgbà tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ "apere" láìfi àmì kankan sí i ti fi wá sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ṣé apẹ̀rẹ̀ tí a fi ń ra ata ni, tàbí àpèrè tí ọba ń gùn? Bí a bá sì fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ díẹ̀, a ó ní ẹni tí ó sọ pé òun rí Ọ̀ràngún lórí apẹ̀rẹ̀ ní ẹjọ́ láti rò láàfin.

Ohun tí ó ń bani lọ́kàn jẹ́ ni pé nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a fi agbọ̀n kọ́, ọ̀kan ṣoṣo ni ọmọ ìgboro kò rí mọ́. Ó ń rí àgbọn jẹ, agbọ́n ń ta á, àgbọ̀n wà ní ojú rẹ̀; agbọ̀n ni ó ṣẹ́ kù tí ó jẹ́ àwòrán inú ìwé lásán.

Bí Ọ̀rá Ṣe Dé

Sten Gustaf Thulin, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Sweden, ni ó ṣe irú ọ̀rá ọlọ́wọ́ méjì tí ó gba gbogbo ayé yìí. Ní ọdún 1965 ni ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá ṣiṣẹ́ gba àṣẹ oníṣẹ́ lé e lórí ní Amẹ́ríkà. Ọmọ rẹ̀ ti ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn pé èrò baba òun ni pé ọ̀rá yìí yóò dín gígé igi fún àpò bébà kù, àti pé baba òun fúnra rẹ̀ a máa ká ọ̀kan sínú àpò aṣọ fún ìlò ìgbà mìíràn. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ kò rò pé ènìyàn yóò lò ó lẹ́ẹ̀kan kí ó jù ú nù.

Àwa fún un ní orúkọ tí ó bá a mu. Ọ̀rá tí í ṣe ti ara ẹran ni a fi pè é, ó sì dà bí ẹni pé dídán àti yíyọ̀ rẹ̀ ni ó fà á. Láti ibẹ̀ ni a ti rí omi inú ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ẹran a máa yọ́. Èyí kì í yọ́ bí kò ṣe nínú iná, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Oòrùn lè gé e sí wẹ́wẹ́, síbẹ̀ wẹ́wẹ́ náà wà nínú ilẹ̀. Ewúrẹ́ tí ó ti mọ ewé ẹ̀kọ jẹ láti ìrandíran kò mọ̀ pé ọ̀rá ẹ̀kọ kì í ṣe oúnjẹ. Àwọn alápatà a sì máa bá ọ̀rá tí ó ti di òkìtì nínú àpòlúkù ẹran. Gọ́tà tí ọ̀rá bá dí, ojú títì ni omi rẹ̀ yóò gbà. Ní Ìbàdàn, omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe ọ̀rá nìkan ni a dá lẹ́bi, nítorí ilé tí a kọ́ sí etí odò àti àgbàrá òjò ọjọ́ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n pàǹtí tí ó dí ojú omi wà lára rẹ̀.

Kí Ló Ń Fa Ìgbàgbé Yìí?

Ẹ jẹ́ kí a wo kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tí ń lọ ra kẹrosíìnì tàbí epo pupa púpọ̀ kì í gbàgbé kẹ́ẹ̀gì sílé. Ẹni kan náà ni, orí kan náà ni, ọjà kan náà ni. Síbẹ̀ ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó sì gbàgbé àpò. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé alépo kò ní fún un ní kẹ́ẹ̀gì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá gbé e, yóò padà sílé lásán. Ní ti ata àti gaàrí, ọ̀rá ń dúró dè é lọ́jà, kò sì sí ìyà kankan fún ẹni tí ó gbàgbé. Ibi tí ìgbàgbé kò bá ti ní ìyà, kò sí ohun tí yóò jí ìrántí.

Kì í ṣe pé àpò wọ́n wa. Ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé yòówù ní ìgboro Ìlá. Àpò tí wọ́n pín níbi òkú àgbà, àpò ìgbéyàwó, àpò ìkómọjáde, tí wọ́n ya àwòrán olóògbé tàbí ti ìyàwó àti ọkọ sí lára. Wọ́n kún fọ́fọ́. Àpò tí à ń pè ní "Ghana must go" wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí ó gba orúkọ rẹ̀ nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò nílùú ní oṣù kìíní ọdún 1983. Àpò tí ó bá ènìyàn rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ láti Èkó dé Àkúrá, kí ni yóò ṣòro fún un láti Ìlá lọ sí ọjà Ìlá?

Ó yẹ kí a mẹ́nu ba ìdí kan tí àwọn olùpolongo kì í sábà sọ. Ọ̀rá dúdú ń pa àṣírí mọ́. Yorùbá kò fẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ ohun tí òun fẹ́ sè lálẹ́, pàápàá bí owó bá wọ́n tí ẹran ò sì tó nǹkan. Ẹni tí ó bá ní kí a fi ọ̀rá dúdú sílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò bo àṣírí wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òní ni ìfẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tàbí ewé ni ìyá àgbà fi ń bo ojú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń bèèrè ohun tó wà nísàlẹ̀. Àpò ìnáwó tí ó jìn dáadáa ń ṣe iṣẹ́ yìí ju ọ̀rá lọ, nítorí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a máa ya lójú ọ̀nà, àṣírí a sì tú.

Òǹtajà pàápàá kò jèrè nínú ọ̀rá. Owó ni òun fi ń rà á. Ó ń fi fún oníbàárà nítorí pé bí òun kò bá ní, oníbàárà yóò kọjá sí ìsọ̀ kejì.

Ohun Tí Àwọn Ìlú Mìíràn Ṣe

Ìrírí àwọn ìlú mìíràn ti èrò wa lẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Ireland, ní oṣù kẹta ọdún 2002, ìjọba bu owó sẹ́ǹtì 15 lé ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó di ìgbà náà, iye tí wọ́n ṣírò fún ẹnì kan lọ́dún jẹ́ 328. Lẹ́yìn rẹ̀, ó wálẹ̀ sí 21. Ní England, ọ̀rá tí àwọn ilé ìtajà ńlá méje fún àwọn oníbàárà ní ọdún 2014 tó bílíọ̀nù 7.6. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, wọ́n ní kí wọ́n máa gba pẹ́nì 5 lórí rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ó di pẹ́nì 10 ní gbogbo ilé ìtajà. Ó lé ní ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí ó fi dín kù ní àwọn ilé ìtajà ńlá náà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Peckham wà lára àwọn tí òfin yìí bá. Orí wọn kò yí padà ní òru ọjọ́ kan. Pẹ́nì 5 kò sì lè sọ ẹnikẹ́ni di òtòṣì. Ṣùgbọ́n owó kékeré náà ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà: ṣé o fẹ́ àpò? Ìbéèrè yẹn ni ó ń jí ìrántí.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, òfin líle ni ọ̀pọ̀ yàn. Rwanda fòfin de ọ̀rá ní ọdún 2008. Kenya ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2017, pẹ̀lú ìtanràn ńlá àti ẹ̀wọ̀n. Orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Pọbẹ̀ tí í ṣe ìbátan wa wà, ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2017. Ní Nàìjíríà, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí àbá kan ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ṣùgbọ́n kò di òfin. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni ó tẹ̀ síwájú: ní oṣù kìíní ọdún 2024, ó kéde ìfòfindè ike oúnjẹ fúlẹ́fúlẹ́, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025 ni ìfòfindè náà ti kan ọ̀rá tí nínípọn rẹ̀ kò tó 40 máíkírọ́ọ̀nù, ìyẹn ọ̀rá tí ó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ.

A kò lòdì sí òfin. Ṣùgbọ́n òfin tí ó gba ọ̀rá lọ́wọ́ ènìyàn láìdá abọ́ padà fún un yóò mú ìjà wá láàárín òǹtajà àti òǹrajà. Ìṣe ni ó yẹ kí ó ṣáájú, iṣẹ́ olùkọ́ sì ni.

A tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí a má sọ àpò di ohun tí à ń rà lójoojúmọ́. Ìwádìí kan tí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí àyíká ní England gbé jáde ní ọdún 2011 fi hàn pé bí a bá wo ti ìmóoru ayé nìkan, a gbọ́dọ̀ lo àpò òwú ní ìgbà 131 kí ó tó san ju ọ̀rá tí a lò lẹ́ẹ̀kan lọ. Àpò ike tí ó dà bí aṣọ, èyí tí a máa ń pín níbi ìnáwó, nílò ìgbà 11 péré. Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà ọrọọrún ṣírò rẹ̀. Márùn-ún ni Yorùbá ń kà, nítorí a ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn. Ní ìṣirò òde òní, ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láàárín ọjà kan sí èkejì. Àpò òwú yóò gba ọdún kan àti oṣù márùn-ún ó lé díẹ̀ kí ó tó san gbèsè rẹ̀. Àpò òkú àgbà tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yóò san tirẹ̀ láàárín oṣù kan àti ààbọ̀. Kò sí ìdí láti ra àpò tuntun.

Bí A Ṣe Lè Fi Kọ́ Ọmọ Ní Kíláàsì

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ń lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kéékèèké lè fi ẹ̀kọ́ yìí sábẹ́ àṣà tàbí sábẹ́ ìró ohùn. Kí wọ́n má fi ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí a bá wàásù fún nípa ọ̀rá yóò gba ohun tí a sọ, yóò sì ra gúgúrú inú ọ̀rá ní àkókò ìsinmi.

Kí olùkọ́ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bèèrè lọ́wọ́ àgbà ilé rẹ̀ ohun tí wọ́n fi ń ra epo, irú, ẹran àti iyọ̀ ní ìgbà èwe wọn, kí ó sì mú orúkọ rẹ̀ wá bí wọ́n ti ń pè é nílé. Èyí ṣe pàtàkì ní agbègbè wa, nítorí orúkọ tí wọn yóò mú wá láti Ọ̀rà lè yàtọ̀ sí ti Ìlá, tàbí sí ti inú ìwé. Kí olùkọ́ má ṣe pe èyíkéyìí ní àṣìṣe. Kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó fi ti Yorùbá àjùmọ̀lò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí ó lo eré iṣẹ́ rírán. Ọmọ méjì yóò jáde. A ó rán èkíní ní iṣẹ́ ohun mẹ́rin, owó nìkan ni a ó fún un. A ó rán èkejì ní iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n a ó fún un ní apẹ̀rẹ̀ tí ìgò àti abọ́ wà nínú rẹ̀. Wọn yóò yí ilé-ẹ̀kọ́ ká lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò sì padà wá sọ ohun tí a rán wọn. Kí olùkọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn sọ ohun tí ó ran èkejì lọ́wọ́, tàbí ohun tí kò ràn án lọ́wọ́. Òwe tí ó ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde lè wọlé níbí, nítorí àwọn ọmọ ti rí i lójú kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ àṣetiléwá kò gbọdọ̀ jẹ́ àròkọ lórí ìbàjẹ́ ọ̀rá. Kí ọmọ wá àpò ìnáwó kan nílé, kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kí ó ká a, kí ó sì so ó mọ́ ibi tí ìyá ń fi owó ọjà sí, yálà pọ́ọ̀sì ni tàbí kọ́kọ́rọ́ ilé. Ibi tí owó wà ni kí àpò wà, kì í ṣe ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìrọ̀lẹ́ tí ọjà ku ọ̀la ni ó dára jù láti fún wọn ní iṣẹ́ yìí. Bí a bá fún wọn ní ọjọ́ kejì ọjà, ìyá ti rajà dé, ọ̀rá ti wọlé, ọmọ yóò sì ti gbàgbé kí ọjà mìíràn tó pé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, kí olùkọ́ bèèrè iye ọ̀rá tí ó wọ ilé kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ ọjà, kí àwọn ọmọ fi òǹkà Yorùbá dáhùn.